Wọ́n ń kà á, wọ́n ń lọ: báwo ni mo ṣe lè mú kí àwọn tó ń wá sórí ìkànnì mi fi ímeèlì wọn sílẹ̀?

Ìyá Aláró

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi ni. Ní ọdún 2 sẹ́yìn, ọmọ mi ọkùnrin bá mi ṣí ìkànnì kan tí mo ń kọ̀wé nípa àdìrẹ sí, tí mo sì ń pàtẹ aṣọ sí. Nǹkan bí 3,000 èèyàn ló ń wọ ibẹ̀ lóṣù, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ń wá ka àlàyé kan ṣoṣo, ìyẹn bí a ṣe ń fọ àdìrẹ tuntun tí aró rẹ̀ kò fi ní ran aṣọ mìíràn. Wọ́n á kà á tán, wọ́n á lọ, n kò sì ní ọ̀nà kankan tí mo fi lè tún bá wọn sọ̀rọ̀.

Fọ́ọ̀mù wà nísàlẹ̀ gbogbo ojú-ewé ìkànnì náà. Ohun tí a kọ sí i ni "Forúkọ sílẹ̀ láti máa gba ìròyìn wa." A ní kí wọ́n kọ orúkọ, orúkọ bàbá, nọ́ńbà fóònù, ìlú àti ímeèlì. Láàárín oṣù 6, èèyàn 14 péré ló kọ ọ́, 2 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìyá mi.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé lọ́dún tó kọjá, ojú-ewé tí mo ti ń tajà lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan dédé di títì nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ 2, odindi ọ̀sẹ̀ 3 ló sì fi wà bẹ́ẹ̀. Aṣọ ankò tí ẹgbẹ́ 2 ti ní kí n pa láró wà nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó fẹ́ rà á kò rí mi, èmi náà kò mọ ibi tí mo ti lè rí wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé orúkọ àwọn oníbàárà mi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní ìbéèrè 3. Ṣé kí n lo àpótí tó máa ń yọ sójú ẹni lójijì, èyí tí mo ń rí lórí ìkànnì àwọn ẹlòmíràn? Ẹnìkan tún wà tó ní òun fẹ́ ta àdírẹ́sì ímeèlì 10,000 fún mi lówó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n rà á? Àbí kí n kúkú fi ímeèlì sílẹ̀, kí n kó gbogbo èèyàn sórí WhatsApp? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Gègé Òǹkọ̀wé

Ẹ kú ọjà o, Ìyá Aláró. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ni mo ń kọ fún àwọn oníṣòwò tó ní ìkànnì, irú fọ́ọ̀mù tí ẹ ṣàpèjúwe yìí sì ti kọjá lọ́wọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Kí a tó dé orí àpótí tó ń yọ lójijì, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù náà. "Ìròyìn wa" kò sọ fún àlejò yín ohun tó máa rí gbà. Ẹni tó ń ka àlàyé fífọ aṣọ ní àdìrẹ tuntun lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí aró ran aṣọ funfun tó wà nínú báàfù kan náà. Ohun tó ń wá nìyẹn, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ ti bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ ronú sí ènì tí a máa ń fún oníbàárà ní ìsọ̀. Ẹni tó ra ìrẹsì, ìrẹsì la fi ń ṣe ènì fún un, a kì í bu iyọ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohun tí ẹ máa fi tọrọ ímeèlì ṣe gbọ́dọ̀ rí: kí ó jẹ́ àfikún ohun tí àlejò náà ń kà lọ́wọ́. Ẹ ṣe ojú-ewé kan ṣoṣo tó ní àwòrán, tí èèyàn lè tẹ̀ síta kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tó ti ń fọṣọ: irú ọṣẹ tó yẹ, ìdí tí a fi ń lo omi tútù, ìdí tí a fi ń sá aṣọ náà síbi òjìji, àti ohun tí èèyàn lè ṣe kíákíá bí aró bá ti ran aṣọ mìíràn. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn yẹn pamọ́ fún àwọn tó bá fi ímeèlì sílẹ̀, nítorí pé kò sí nínú àlàyé tó wà lórí ìkànnì, ẹ̀yin tí ẹ bá iṣẹ́ náà nílé nìkan ni ẹ sì lè sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ibi tí ẹ gbé fọ́ọ̀mù sí náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í dé ìsàlẹ̀ ojú-ewé, pàápàá lórí fóònù. Ẹ gbé e sí àárín àlàyé náà, lẹ́yìn ìpínrọ̀ tí ẹ ti sọ bí a ṣe ń fọ aṣọ náà nígbà àkọ́kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni òǹkàwé ti máa rí i pé ẹ mọṣẹ́. Ẹ fi òmíràn sí òpin rẹ̀ fún ẹni tó bá kà á tán. Kí ẹ sì yọ orúkọ bàbá, nọ́ńbà fóònù àti ìlú kúrò. Ímeèlì nìkan ti tó. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, a kì í bi í léèrè agbo ilé rẹ̀ kó tó jókòó. Lójú bọ́tìnì, dípò "Forúkọ sílẹ̀," ẹ kọ "Ẹ fi ìlànà fífọ àdìrẹ ránṣẹ́ sí mi."

Ọlọ́jà Orí Afẹ́fẹ́

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Gègé sọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ sá fún àpótí tó ń yọ. Bàtà àti báàgì ni mo ń tà. Ọdún kan gbáko ni fọ́ọ̀mù fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ewé mi tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Ọjọ́ tí mo fi àpótí tó ń yọ kún un, tí mo sì kọ sí i pé ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ máa rí ẹ̀dínwó ìdá 10 nínú 100 gbà lórí ọjà àkọ́kọ́, ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lójoojúmọ́. Ẹ kàn má jẹ́ kó yọ ní kété tí àlejò bá wọlé. Tèmi kì í yọ títí àlejò á fi ka ojú-ewé dé ìdajì, ẹni tó bá sì ti pa á dé lẹ́ẹ̀kan kì í rí i mọ́ fún oṣù kan.

Iyán àti Ẹ̀fọ́

Ẹ jọ̀wọ́, Ọlọ́jà, mo fẹ́ ta kò yín lórí nǹkan 2, ìrírí ni mo sì fi ń sọ ọ́.

Ìkànnì oúnjẹ ni mo ní. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣèlérí pé ẹni tó bá fi ímeèlì sílẹ̀ lè jẹ ẹ̀rọ ìlọta nínú ìdíje kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2, orúkọ ti lé ní 700. Inú mi dùn gan-an. Lẹ́yìn tí mo ti fún ẹni tó jẹ ẹ́ ní ẹ̀rọ náà, mo fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ nípa bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀fọ́ ṣọkọ kó má baà ṣe omi nínú ọbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì náà kò sí níbì kankan, ńṣe ni àwọn lẹ́tà náà ń padà wá bá mi. Àwọn kan kọ̀wé pé àwọn kò mọ̀ mí rí. Àwọn kan tẹ bọ́tìnì tó ń sọ fún ilé-iṣẹ́ ímeèlì wọn pé pàǹtí ni mo fi ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Nígbà tí mo gbọn orúkọ náà tán, àwọn tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ lẹ́nu mi kò pé 90. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù ẹ̀dínwó fi ń bà mí fún Ìyá Aláró. Ẹni tó bá wá nítorí ẹ̀dínwó yóò tún máa retí ẹ̀dínwó mìíràn, àdìrẹ tí a sì fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí lára fún odindi ọjọ́ kan kì í ṣe ọjà tí a ń kọ́ oníbàárà láti dúró de ìgbà tó máa wálẹ̀.

Ìkejì, àpótí tó ń yọ ń bí òǹkàwé nínú lórí fóònù. Ó máa ń bo gbogbo ojú fóònù, àmì tí a fi ń pa á dé sì máa ń kéré débi pé ìka kì í bà á. Ẹni tó ti ra dátà kó tó wọlé kò ní sùúrù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Google pàápàá ti fòfin dè é láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi kò ju gbólóhùn kan lọ. Nínú àlàyé ẹ̀fọ́ rírò, níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ epo, mo kọ ọ́ pé: "Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń kọ lẹ́tà kan nípa ohun tí mo fẹ́ sè ní Sátidé, iye tí mo ra èròjà rẹ̀ àti ibi tí mo ti rà á. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ kọ ímeèlì yín síbí." Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fi ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà tí mo ti kọ sẹ́yìn hàn wọ́n, láìgé nǹkan kan kúrò níbẹ̀, kí wọ́n lè kà á kí wọ́n tó pinnu. Ẹni tó ń ra ẹ̀wà máa ń fọwọ́ bù ú wò ná.

Atúnkànnìṣe

Mo fẹ́ ṣàtúnṣe díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Iyán àti Ẹ̀fọ́. Google kò fòfin de àpótí tó ń yọ. Ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017 ni pé ojú-ewé tí àpótí bá bò tí ẹni tó ti ibi ìṣàwárí wá lórí fóònù kò fi rí ohun tó wá kà lè má hàn sókè tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú èsì ìṣàwárí. Pátákó kékeré tó wà nísàlẹ̀ tí kò gba ojú fóònù, tí èèyàn sì lè pa dé wẹ́rẹ́, kò sí nínú rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ àlejò Ìyá Aláró bá ń ti orí Google wá ka àlàyé fífọṣọ, ẹ rí i pé àpótí ńlá lè gba ohun tó ń mú àlejò wọlé lọ́wọ́ wọn. Mo gbà pé kí wọ́n lo fọ́ọ̀mù àárín àlàyé bí Gègé ṣe wí, kí wọ́n fi pátákó kékeré kún un lẹ́yìn oṣù kan, kí wọ́n sì ka iye orúkọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú wá. Ẹ má yí nǹkan 2 padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Òǹkàwé láti Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ má ra àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ń béèrè pé kí ẹ ní ìdí tí òfin mọ̀ kí ẹ tó lo àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni, irú bíi kí ẹni náà ti gbà, àwọn 10,000 yẹn kò sì gbà fún yín. Láìsí ẹni tó bá fúnra rẹ̀ sọ pé kí ẹ kọ̀wé sí òun, ẹ kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́.

Ọmọ Èkìtì ní Peckham

Òótọ́ ni pé kí wọ́n má rà á, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn le jù, ó sì lè mú kí Ìyá Aláró pàdánù àwọn tí wọ́n ti rajà lọ́wọ́ wọn rí. Aṣọ ìránṣọ ni mo ń tà níbí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó dá lórí ìpolówó nípasẹ̀ ímeèlì, èyí tó ti wà láti ọdún 2003, gba oníṣòwò láyè láti kọ̀wé sí ẹni tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀ nípa irú ọjà kan náà, bí ó bá ti fún un láǹfààní láti kọ̀ nígbà tó ń gba àdírẹ́sì rẹ̀, tó sì ń fún un láǹfààní náà nínú gbogbo lẹ́tà. Ẹni tó wá kàwé lásán tí kò ra nǹkan ló gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Àpótí kékeré tí a ti fàmì sí tẹ́lẹ̀ kí àlejò tó dé kò sì jẹ́ ìyọ̀ǹda. Àlejò ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fàmì sí i. Bí ẹ bá ń ta aṣọ fún àwọn tó wà níbí tàbí ní Yúróòpù, òfin ibẹ̀ bá yín wí bí ẹ tilẹ̀ wà ní Ìtòkú.

Nítorí náà, Ìyá Aláró, àwọn tí ẹ ti kó aṣọ ránṣẹ́ sí ńkọ́? Ìwé ìránṣẹ́ ọjà wọn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fúnra yín, kí ẹ béèrè bí aṣọ náà ṣe ń ṣe sí lẹ́yìn fífọ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ó fẹ́ máa gbọ́ nígbà tí aṣọ tuntun bá ti inú aró jáde.

Ará Houston

Àfikún kékeré: òfin Amẹ́ríkà lórí ímeèlì ìpolówó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004, ní kí àdírẹ́sì tí lẹ́tà lè fi dé ọ̀dọ̀ yín wà nísàlẹ̀ gbogbo ímeèlì ìpolówó, kí ẹ sì yọ orúkọ ẹni tó bá ní òun kò ṣe mọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Inú mi tilẹ̀ máa ń dùn tí mo bá rí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù gidi nísàlẹ̀ lẹ́tà. Mo máa ń mọ̀ pé èèyàn ló kọ ọ́.

Alájàpá

Ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ímeèlì nílé? Àwọn oníbàárà mi kì í ṣí i láti oṣù dé oṣù, àyàfi tí ilé ìfowópamọ́ bá kọ̀wé sí wọn. WhatsApp ni gbogbo wa wà, láti ọmọdé títí kan ìyá àgbà. Ìyá Aláró, ẹ fi nọ́ńbà yín sójú ìkànnì, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọjà kọ̀wé sí yín. Aṣọ tí mo bá gbé sórí ipò WhatsApp mi láàárọ̀ máa ń tà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Gègé Òǹkọ̀wé

Alájàpá, òótọ́ ni pé WhatsApp dára fún ọjà ojúmọ́, n kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àkójọ ìkéde kan lórí rẹ̀ kò gbà ju èèyàn 256 lọ, ẹni tí kò bá sì ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí i gbà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan bíi wákàtí 6 káàkiri àgbáyé. Ní ọdún náà kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, a kò sì tún un ṣí títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kò lè dá wọn kó lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Aláró nígbà Iléyá nìyẹn. Àkójọ ímeèlì, èèyàn lè gbà á jáde sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Àwọn tó ń ka àlàyé fífọṣọ náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí Ìyá Aláró yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé ìṣirò ìkànnì wọn. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá wà ní ìlú òyìnbó, ímeèlì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Atúnkànnìṣe

Kí ẹ tó fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ẹ má ṣe ti inú ímeèlì ara yín kọ ọ́ kí ẹ sì to àdírẹ́sì gbogbo èèyàn jọ sínú lẹ́tà kan. Mo ti rí oníṣòwò tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ rí àdírẹ́sì ara wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń báni fi lẹ́tà ránṣẹ́ pọ̀, irú bíi Mailchimp, MailerLite àti Brevo. Wọ́n ń ṣe fọ́ọ̀mù fúnni, wọ́n ń fi ẹ̀bùn náà ránṣẹ́ fúnra wọn, wọ́n sì ń fi ọ̀nà ìyọkúrò sí ìsàlẹ̀.

Kí àdírẹ́sì tí ẹ fi ń ránṣẹ́ jẹ́ ti orúkọ ìkànnì yín, kì í ṣe ti Gmail. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo ti ń béèrè ẹ̀rí pé lẹ́tà ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní orúkọ ìkànnì náà wá lóòótọ́. SPF, DKIM àti DMARC ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀rí náà. Ọmọ yín tó ṣí ìkànnì náà lè fi wọ́n sí i láàárín wákàtí kan. Gbogbo ẹni tó ń ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan nínú 2 àkọ́kọ́. Àwọn tó ń fi lẹ́tà tó tó 5,000 ránṣẹ́ lójúmọ́ sí Gmail ló gbọ́dọ̀ ní gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnì tí èèyàn lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí i báyìí, kò gba owó. Wọ́n tún ní kí iye àwọn tó ń pe lẹ́tà yín ní pàǹtí má ṣe dé 3 nínú 1,000. Ẹ rí i pé àdírẹ́sì 10,000 tí a fẹ́ tà fún yín lè ba orúkọ ìkànnì yín jẹ́ láàárín ọjọ́ kan, àwọn tó fẹ́ràn yín gan-an ò sì ní rí lẹ́tà yín mọ́.

Ẹ tún fi ìjẹ́rìísí kún un. Ẹni tó bá kọ ímeèlì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kó kọ́kọ́ rí lẹ́tà kékeré kan gbà tó ní líǹkì. Ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ ni orúkọ rẹ̀ á tó wọ inú ìwé. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àdírẹ́sì tí kò sí wọlé, bíi ti Iyán àti Ẹ̀fọ́.

Ọlọ́jà Orí Afẹ́fẹ́

N kò fara mọ́ ìjẹ́rìísí yẹn rárá. Mo lò ó fún oṣù 2, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó kọ orúkọ ni kò padà wá tẹ líǹkì náà. Èèyàn ti sọ pé òun fẹ́, kí ló dé tí a tún ń bi í lẹ́ẹ̀kejì?

Atúnkànnìṣe

Mo gbọ́ yín, Ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi: kí ni ẹ kọ sójú ìkànnì lẹ́yìn tí wọ́n tẹ bọ́tìnì? Bó bá jẹ́ "A dúpẹ́" lásán ni, wọ́n á rò pé ó ti parí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó ku ẹyọ kan. Ẹ lọ wo ímeèlì yín báyìí, a ti fi lẹ́tà kan ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wo inú àpò spam. Tí ẹ bá tẹ líǹkì inú rẹ̀, ìlànà fífọṣọ náà máa ṣí lójú ẹsẹ̀." Nígbà tí ẹ̀bùn náà bá wà lẹ́yìn líǹkì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sì fi iye àwọn tó ṣí lẹ́tà ṣe òṣùwọ̀n. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ètò ìpamọ́ Apple lórí fóònù wọn ti ń gbé àwòrán inú lẹ́tà wọlé fúnra rẹ̀, èyí tó ń mú kó dà bíi pé èèyàn ṣí lẹ́tà tí kò tíì fojú kàn. Iye àwọn tó tẹ líǹkì àti iye àwọn tó fèsì ni kí ẹ máa wò.

Ìyá Aláró (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3)

Ẹ̀yin ará mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò ra àdírẹ́sì náà. Ọmọ mi yọ fọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀ kúrò, ó sì gbé tuntun sí àárín àlàyé fífọṣọ. Ohun tí mo kọ sí i nìyí:

"Ṣé aró ti ran aṣọ mìíràn lọ́wọ́ yín? Mo ti kọ ohun tí ìyá mi máa ń ṣe ní kíá kí ó tó gbẹ sójú-ewé kan, pẹ̀lú àwòrán. Ẹ kọ ímeèlì yín síbí, mo máa fi ránṣẹ́ sí yín. Lẹ́yìn náà, mo máa kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tí aṣọ tuntun bá jáde. Bí ẹ kò bá fẹ́ mọ́, ẹ tẹ líǹkì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, mi ò ní bínú."

Láàárín ọ̀sẹ̀ 3, èèyàn 61 ló kọ ímeèlì wọn, 47 ló sì tẹ líǹkì ìjẹ́rìísí. Mo tún kọ̀wé sí àwọn oníbàárà àtijọ́ bí Ọmọ Èkìtì ṣe sọ. 22 ní àwọn fẹ́. Obìnrin kan fi àwòrán aṣọ ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n sọ orúkọ aṣọ náà fún òun. Ìbàdàndùn ni, òpó gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Mo fèsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò kéré jù?

Ọlọ́jà Orí Afẹ́fẹ́

Mo kí yín kú oríire, Ìyá. Ó kéré. Láàárín oṣù kan, wọ́n á ti gbàgbé yín, wọ́n á sì máa béèrè pé ta nìyí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni tèmi.

Iyán àti Ẹ̀fọ́

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ṣèlérí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yẹ àdéhùn fún àwọn tó ti wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù padà fún àwọn tó ń bọ̀, kí wọ́n sì bi àwọn ti àkọ́kọ́ léèrè ná. Ohun tó ń mú kí wọ́n gbàgbé ẹni ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tí ìlànà náà bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, kí lẹ́tà kúkúrú kan tẹ̀ lé e, kó jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo: "Àdìrẹ wo lẹ ní nílé, ta ló sì fún yín?" Ẹ kò rí ohun tí obìnrin onÍbàdàndùn yẹn ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í? Èsì wọn á fún yín ní ohun tí ẹ máa kọ fún oṣù 6, ẹni tó bá sì ti fèsì fún yín lẹ́ẹ̀kan kì í pe lẹ́tà yín ní pàǹtí.

Ọmọ Èkìtì ní Peckham

Ẹ tún tẹ káàdì kékeré tí ẹ máa fi sínú gbogbo aṣọ tí ẹ bá dì ránṣẹ́. Àmì tí fóònù lè kà ni kí ẹ fi sára rẹ̀, kó gbé èèyàn lọ sí ojú-ewé ìlànà náà tààrà. Ìgbà tí èèyàn bá tú aṣọ ni ó ń ronú bó ṣe máa fọ̀ ọ́.

Ìyá Aláró

Mo ti rí ẹni tó máa tẹ káàdì náà fún mi lẹ́bàá ọjà. Ìbéèrè nípa ẹni tó fún wọn ní aṣọ ni mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí, ẹni 47 náà ló sì máa kọ́kọ́ rí i gbà lọ́jọ́ Ajé.